Pááṣì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ta atẹ́gùn
lẹ́bàá réluwé ní Sángo.
Táyà takisí, táyà tírélà, kẹ̀kẹ́ ọmọléèwé,
mo ti bu ẹ̀mí sí gbogbo wọn nínú.
Nítorí náà, nígbà tí Dókítà Ọ̀jẹ́wùmí ya àwòrán
sẹ́yìn káàdì mi ní Òrítamẹ́fà,
tó ní jẹjẹrẹ ti jẹ gògóńgò kọjá,
pé àwọn yóò gé e, àwọn yóò gé ọ̀nà oúnjẹ mọ́ ọn,
kí àwọn tó fi awọ apá mi rán ọ̀fun mìíràn,
Àwẹ̀ró ń sunkún. Èmi ń wo bíró dókítà.
Mo fi ìwọ̀nba ohùn tó kù sọ pé,
"Pááṣì lẹ fẹ́ lẹ̀ mọ́ mi."
Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Ó di ọrùn ọwọ́ òsì mi mú, ó tẹ iṣan méjèèjì pa,
àtẹ́lẹwọ́ mi funfun;
ó jọ̀wọ́ ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ padà wọlé wẹ́rẹ́.
"Ọwọ́ yìí ló dára."
Ṣùgbọ́n apá yẹn ni orúkọ Àwẹ̀ró wà,
AWERO, tí mo fín ní Bẹẹrẹ lọ́dún tí mo ń fẹ́ ẹ.
Ẹni tó fín in kò fi àmì kankan sí i.
Owó tí mo san kò tó ti àmì.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.
Wákàtí mọ́kànlá ni wọ́n fi tún ọ̀nà náà ṣe.
Itan yá apá, apá yá ọ̀fun,
bí ẹní dá èsúsú ni ara mi ṣe,
kò sì sí ọmọ ẹgbẹ́ tó sá lọ.

Mo jí. Ihò kan wà lọ́rùn mi, ibẹ̀ ni mo ti ń mí.
Mo la ẹnu, mo pe nọ́ọ̀sì:
nǹkan kan kò jáde.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, imú ni mo fi jẹun.

Wọ́n wá fún mi lómi kan tó funfun bí ẹfun,
kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ wò ó bóyá ọ̀fun tuntun ń jò.
Ìyẹn yé mi ju dókítà lọ.
Mo rántí ọpọ́n omi dúdú mi,
bí mo ti ń ri túùbù bọ̀ ọ́,
tí mò ń retí ibi tí omi yóò ti hó.
Ó jò.
Ojú kan péré, bí ojú abẹ́rẹ́.
N kò bínú. Oníbàárà mélòó ni mo ti dá padà,
tí mo ní, "Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná"?
Ọjọ́ mẹ́rìnlá mìíràn. Ó gbẹ.
Omi kọ́kọ́ wọlé. Ògì tẹ̀lé e.
Àwẹ̀ró di ṣíbí mú;
bí mo ti ń gbé ògì mì lòun náà ń gbé itọ́ mì.

Mo ti padà sí Sángo.
N kì í gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó mọ́,
Mùdáṣírù ló ń sọ fún mi pé ó ti jó jù.
Bí oníbàárà bá bèèrè nǹkan, mo lu ríìmù:
ẹ̀ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni; ẹ̀ẹ̀mejì, rárá;
ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, owó yín kò pé.

AW ló ṣẹ́kù lápá mi, ojú àpá ń dán.
ERO wà lọ́fun.
Èrò ni? Ẹ̀rọ ni? Ẹ̀rọ̀ ni?
Kò lámì, kò sì sẹ́ni tó máa kà á níbẹ̀.
Dókítà ní irun apá lè máa hù lórí ẹ̀, kí n má fòyà.

Láti ìgbà tí a ti bí Múyídè,
Ìyá Múyídè ni mò ń pè é, bí ọkọ gbogbo.
Lóru àná, iná lọ, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi lọ́rùn,
ibi ihò gan-an.
Mo la ẹnu, mo fi ètè ṣe À, mo ṣe Wẹ̀, mo ṣe Ró.
Òkùnkùn ṣú. Kò rí i.
Ó ní, "Ṣé òùngbẹ ń gbẹ yín ni?"
Mo fi ìka lu igi bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kan.
Ó dìde, ó lọ bu omi.